Bí A Ṣe Ń Lo Irin Kí Ara Lè Bá Àìsàn Jà, Láì Bọ́ Kòkòrò Àrùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀, ìyẹn oògùn irin, mì láti oṣù dé oṣù, síbẹ̀ tí àìsàn kò yé gbé wọn dè. Òtútù lónìí, ibà lọ́la, egbò kékeré tó yẹ kó jinná láàárín ọ̀sẹ̀ kan á máa fà á nílẹ̀. Wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, á ṣì wà níbi tó wà. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé gbàrà tí ara wọn bá ti gbóná ni wọ́n ń sáré gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì, wọ́n ní kí ara lè rí agbára bá àìsàn náà jà. Tọ̀tún tòsì wọn ló ń náwó, tí inú ń run wọ́n, tí èrè rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Irin ń ṣiṣẹ́ o. Àsìkò tí wọ́n ń lò ó àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó ni kò bá ti ara mu.

Àgbàlagbà ni mo kọ èyí fún. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan aboyún tàbí ọmọdé, màá sọ ọ́ lọ́tọ̀, torí ìlànà tiwọn yàtọ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ṣe láti ara ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lọ́jọ́ kan náà: hemoglobin pẹ̀lú àwọn tó ń bá a rìn (àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní full blood count), ferritin (tó ń sọ bí irin ṣe pọ̀ tó ní ìpamọ́), àti CRP (tó máa ń lọ sókè bí ara bá ń bá àìsàn jà).
- Páálí oògùn irin náà gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ẹnì kan sọ fún yín lẹ́nu.
- Orúkọ gbogbo oògùn mìíràn tí ẹ ń lò, títí kan èyí tí ẹ ń lò fún inú kíkan.
- Ohun tí a fi ń wọn ìgbóná ara.
- Ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́ tí ẹ lo oògùn sí.
- Ìdáhùn sí ìbéèrè méjì: irú ẹ̀jẹ̀ wo ni ẹ ní, ṣé AA, AS tàbí SS? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ní thalassaemia (àìsàn ẹ̀jẹ̀ àbímọ́ kan), tàbí àìsàn kí irin pọ̀ lápọ̀jù nínú ara?

Bí ìdáhùn sí èyí àkọ́kọ́ bá jẹ́ SS, tàbí tí ìdáhùn sí èkejì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bẹ̀rẹ̀ irin fúnra yín rárá. Ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà sábà máa ń ní irin tó ti kún ara rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bí hemoglobin rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ mọ ẹni tó ń du irin mọ́ ara yín lọ́wọ́

Gbogbo irin tó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi gíráàmù 3 sí 4 lọ. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa, nínú hemoglobin. Èyí ni gbogbo ayé mọ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun ara náà kò lè ṣe iṣẹ́ wọn láìsí i.

Ẹ wo àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní lymphocyte, àwọn tó máa ń dá kòkòrò àrùn mọ̀ tí wọ́n sì ń ṣe èròjà tó ń pa á. Àwọn tó mọ kòkòrò kan pàtó kì í pọ̀ nínú ara. Bí kòkòrò yẹn bá wọlé, àfi kí àwọn díẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí pín sí méjì méjì títí wọn yóò fi di ọ̀kẹ́ àìmọye. Kò sí sẹ́ẹ̀lì tó lè pín láìkọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀, irin sì wà ní àárín gbùngbùn ẹ́ńsáìmù tó ń pèsè ohun tí a fi ń ṣe DNA. Bí irin bá wọ́n, ìpín náà á falẹ̀, kòkòrò á sì ti ráàyè. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kan tí ẹnu ọ̀nà tí irin ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì wọn bà jẹ́ láti inú oyún. Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yìí, ṣùgbọ́n kò rọ́nà wọlé sínú àwọn ọmọ ogun ara wọn, àrùn tó le sì ń ṣe wọ́n láti kékeré.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé kòkòrò jẹ, tí wọ́n ń pè ní neutrophil, náà ní tiwọn. Bí ẹ bá ti rí ọyún tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ rí lójú egbò, èròjà kan tó ní irin nínú, myeloperoxidase, ló fún un ní àwọ̀ yẹn. Òun ni neutrophil ń lò láti ṣe oró tó fi ń pa bakitéríà.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wá nìyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: kòkòrò àrùn náà kò lè bí sí i láìsí irin. Ọ̀pọ̀ bakitéríà máa ń tú èròjà kan síta tó ń fa irin mọ́ra, tí wọ́n á sì gbé e padà wọlé. Nítorí náà, gbàrà tí ara bá fura sí àkóràn, ẹ̀dọ̀ á tú hòmóònù kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ hepcidin. Iṣẹ́ hepcidin ni láti ti àká irin pa. Irin tó wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpamọ́ kò ní lè jáde mọ́, èyí tí ìfun gbà láti inú oúnjẹ tàbí oògùn kò sì ní lè kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, irin tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ á ti lọ sílẹ̀. Ara mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí ebi lè pa kòkòrò.

Bí ẹ bá ti di èyí mú, ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí á rọrùn. Ẹni tó ń gbé irin mì nígbà tí àká wà ní títì, ìfun ló ń kó o sí. Ibẹ̀ ló sì ti ń di oúnjẹ fún àwọn bakitéríà burúkú inú ìfun.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ rí i dájú pé àkóràn kankan kò sí lára lọ́wọ́lọ́wọ́

Ẹ wọn ìgbóná ara yín láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá tó 38 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹ má bẹ̀rẹ̀ irin. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó fa ibà náà kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ tán. Ẹ tún bi ara yín: ṣé ikọ́ ti ń bá mi jà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ? Ṣé mo ń làágùn lóru tí aṣọ fi ń rin? Ṣé mo ń rù sí i? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti HIV ló kàn, kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè fa hemoglobin wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé irin tán nínú ara.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: ibà ẹ̀fọn. Ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́, ojú á funfun, ẹni náà á rẹ̀, wọ́n á sì fi oògùn ẹ̀jẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa tó bà jẹ́ yẹn kò sá lọ, inú ara ló ṣì wà, hepcidin sì ti ti àká pa. Ẹ lo oògùn ibà náà tán ná. Irin kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn ibà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán. Ní erékùṣù Pemba, ní Zanzibar, níbi tí ibà ẹ̀fọn pọ̀ sí gan-an nígbà náà, wọ́n fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ kéékèèké ní irin àti folic acid láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2006 fi hàn pé àwọn ọmọ tó gba irin wà nínú ewu ikú tàbí ìdúbúlẹ̀ sílé ìwòsàn ní ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn tí kò gbà á lọ. Wọ́n ní láti dá irin náà dúró. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e wá jẹ́ kó yé wa pé níbi tí wọ́n bá ti ń dènà ibà, tí wọ́n ń tètè yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀, irin kì í dá ewu bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí èyí sọ fún òbí ni pé kí wọ́n má fún ọmọ ní irin nílé láìṣe àyẹ̀wò. Èyí tí ilé ìwòsàn bá fún un, kí wọ́n fún un bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n fún un, kí ọmọ náà sì máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ọjọ́ mẹ́ta láìsí ibà, kò sí oògùn àkóràn tí ẹ ń lò lọ́wọ́, oúnjẹ ń lọ lẹ́nu. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọjá sí ìgbésẹ̀ kejì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣe àyẹ̀wò bó ṣe yẹ

Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun. Bí ẹ bá ti ń lo irin tẹ́lẹ̀, ẹ fò ó fún ọjọ́ kan, ó kéré tán, ṣáájú àyẹ̀wò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin inú ẹ̀jẹ̀ tí láàbù máa kà lè jẹ́ ti hóró tí ẹ gbé mì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

PCV nìkan kò tó. Ohun tó ń sọ ni bí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe pọ̀ tó, kò sọ ìdí tí kò fi pọ̀. Ẹ̀wẹ̀, irin lè ti tán nínú àká kí PCV tó yí padà rárá. Ẹ sọ fún láàbù pé ferritin àti CRP ni ẹ fẹ́, papọ̀. Owó wọn lè jọ pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò iye oògùn tí ẹ ti gbé mì lásán.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka èsì méjèèjì pọ̀

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà, títí kan àwọn tó wọṣọ funfun.

Ferritin ló ń sọ bí irin ṣe pọ̀ tó nínú àká. Ṣùgbọ́n bí ara bá wà lójú ogun, ferritin máa ń gbéra sókè fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé irin pọ̀ sí i. CRP ló máa ń tú àṣírí yẹn. Bí CRP bá ju 5 mg/L lọ, ara ń bá nǹkan jà, ferritin sì ti gbéra.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 nìyí:

- Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí CRP rẹ̀ kò lọ sókè: bí ferritin bá wà lábẹ́ 15 µg/L, irin ti tán.
- Àgbàlagbà tí àkóràn tàbí ìjà inú ara wà lára rẹ̀: bí ferritin bá wà lábẹ́ 70, ó ṣeé ṣe kí irin ti tán.
- Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún: lábẹ́ 12 bí ara rẹ̀ bá le, lábẹ́ 30 bí àkóràn bá wà.

(Láàbù mìíràn máa ń kọ ọ́ ní ng/mL. Nọ́ńbà kan náà ni.)

Ẹ jẹ́ ká gbé ìwé èsì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Obìnrin kan: hemoglobin 10.6 g/dL, MCV (bí ẹ̀jẹ̀ pupa kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó) 74, ferritin 48, CRP 32. Láàbù kò fi àmì kankan síwájú ferritin yẹn, torí 48 wà láàárín ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé ó dára. Ẹni tó bá wo ferritin nìkan á ní irin rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n CRP 32 ń sọ pé nọ́ńbà yẹn ti wú. Lábẹ́ 70 ló wà, MCV náà sì kéré, ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ ń jáde ní kékeré, bó ṣe máa ń rí bí irin bá wọ́n. Obìnrin yìí nílò irin, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ohun tó gbé CRP rẹ̀ sókè.

Ìwé kejì: hemoglobin 10.6 bákan náà, MCV 86, ferritin 310, CRP 60. Bó ṣe ń rẹ ẹni àkọ́kọ́ náà ló ń rẹ ẹni yìí. Ṣùgbọ́n àká tirẹ̀ kún, wọ́n kàn tì í ni. Bí ẹ bá bu irin lé e, kò ní di ẹ̀jẹ̀. Àìsàn tó ti àká pa ni kí ẹ wá kàn: ó lè jẹ́ àkóràn tó fara pa mọ́, àìsàn kíndìnrín, àìsàn oríkèé ara, tàbí ohun mìíràn tí dókítà ní láti tú wò.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: kí wọ́n rí hemoglobin tó kéré, kí wọ́n sì fò lọ sí irin tààrà. Fún obìnrin tí kò lóyún, ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ bí hemoglobin bá wà lábẹ́ 12 g/dL, fún ọkùnrin lábẹ́ 13. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ń sọ pé nǹkan wà. Wọn kò sọ ohun tó jẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ó yẹ kí ẹ lè fi gbólóhùn kan sọ èsì yín: "àká mi ṣófo, CRP mi dára", tàbí "àká mi ṣófo, àìsàn sì wà", tàbí "àká mi kún, wọ́n tì í ni". Ẹni kẹta kò ní ohun tó ń wá ní ìgbésẹ̀ karùn-ún. Ọ̀dọ̀ dókítà ló ń lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá ibi tó ti ń jò

Nǹkan bíi 1 sí 2 mg péré ni ìfun ń gbà wọlé lójúmọ́. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó bá ń jáde lójoojúmọ́ ti tó láti sọ àká di òfìfo. Lára obìnrin, nǹkan oṣù tó pọ̀ jù ló sábà máa ń fà á: bí ẹ bá ń pààrọ̀ ní wákàtí kan sí méjì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá ń jáde, ẹ tọ́jú ìyẹn. Aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun wà, ọgbẹ́ inú wà, bẹ́ẹ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Kòkòrò Helicobacter pylori inú ikùn náà lè má jẹ́ kí irin wọlé.

Ọkùnrin, tàbí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, tí irin bá tán lára rẹ̀, kó má ṣe gbà á ní kékeré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ inú ìfun wò. Jẹjẹrẹ ìfun lè ti máa ṣẹ̀jẹ̀ tipẹ́ láìjẹ́ pé ojú rí i.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ka ara páálí oògùn

Nọ́ńbà ńlá tó wà níwájú páálí kì í ṣe iye irin. Iye iyọ̀ tí wọ́n fi gbé irin náà ni. Hóró ferrous sulfate gbígbẹ 200 mg ní nǹkan bíi 65 mg irin gangan. Ferrous fumarate 200 mg náà ní nǹkan bíi 65. Ferrous gluconate 300 mg kò ní ju 35 lọ. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "elemental iron" sí lára páálí náà, ìyẹn ni ẹ ó máa kà.

Ọ̀pọ̀ oògùn olómi inú ìgò tí wọ́n ń tà fún ẹ̀jẹ̀ ní irin tó kéré gan-an nínú ṣíbí kan, ìyókù jẹ́ fítámì àti ṣúgà. Ẹni tí àká rẹ̀ ti ṣófo kò lè fi ìyẹn kún un. Èmi ò rí ìdí tí àgbàlagbà tó lè gbé hóró mì fi máa ra ìgò.

Ìwọ̀n tó bá àgbàlagbà mu ni nǹkan bíi 60 sí 65 mg irin gangan, hóró kan.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ lò ó lọ́nà tí àká á fi ṣí

Hóró kan, láàárọ̀, ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kejì: ẹ lò ó lọ́jọ́ Ajé, ẹ fo Ìṣẹ́gun, ẹ lò ó ní Ọjọ́rú.

Mo mọ̀ pé ó jọ pé ó kéré jù. Ṣùgbọ́n irin fúnra rẹ̀ máa ń jí hepcidin. Lẹ́yìn 60 mg, hepcidin á gbéra, ó sì lè wà lókè fún wákàtí 24. Hóró tí ẹ bá gbé mì láàárín àsìkò yẹn, ìlẹ̀kùn títì ló ń bá pàdé. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Zürich, ní Switzerland, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí irin wọn kéré: àwọn tó lò ó ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kejì gba irin wọlé ju àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ lọ, pẹ̀lú iye hóró kan náà. Pípín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ń dá kún inú rírun ni.

Aboyún yàtọ̀ o. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún wọn ni 30 sí 60 mg irin lójoojúmọ́ pẹ̀lú folic acid. Ohun tí wọ́n bá fún yín níbi ìtọ́jú oyún ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ fi omi lò ó kí ẹ tó jẹun, tàbí kí ẹ lò ó pẹ̀lú èso tó ní fítámì C dáadáa. Bí inú bá ń rìn yín, ẹ jẹ oúnjẹ díẹ̀ sí i. Ó sàn kí ìdá kan ṣòfò ju kí ẹ jáwọ́ pátápátá lọ. Tíì, kọfí, mílíìkì àti oògùn kálísíọ̀mù gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní wákàtí méjì. Oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, bíi omeprazole, kì í jẹ́ kí irin wọlé dáadáa. Ẹ bi dókítà bóyá ẹ ṣì nílò rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà, tó sì léwu jù lọ ní ìgbésẹ̀ yìí: irin máa ń so mọ́ àwọn oògùn kan nínú ikùn, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n wọ ara. Ciprofloxacin àti doxycycline wà lára wọn, oògùn tí ẹ ń lò láti pa àkóràn gan-an. Dolutegravir tí àwọn tó ní HIV ń lò náà wà níbẹ̀: ẹ lò ó ní wákàtí méjì ṣáájú irin tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kí ẹ lo méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tó bá ń kó irin àti dolutegravir mì pọ̀ ní inú òfìfo ń fún kòkòrò HIV láàyè láìmọ̀. Levothyroxine, oògùn àwọn tí ẹṣẹ́ thyroid inú ọrùn wọn kò ṣiṣẹ́ tó, fẹ́ wákàtí mẹ́rin sí irin. Ẹ mú orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ bá apòògùn, kí ó bá yín to wákàtí wọn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìgbẹ́ á dúdú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, tó sì ń rùn lọ́nà tó ṣàjèjì, ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí àìsàn bá dé láàárín

Ọ̀finkìn lásán tí kò mú ibà wá kò ní kí ẹ dá irin dúró. Bí ibà bá wà, tàbí tí wọ́n ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn bakitéríà, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ẹ ò ní pàdánù nǹkan kan, torí hepcidin kò ní jẹ́ kó wọlé lásìkò yẹn. Nígbà tí ara bá ti balẹ̀, tí ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá láìsí ibà, ẹ padà sí i. Aboyún kò gbọ́dọ̀ dá tirẹ̀ dúró láìbéèrè.

Ti irin tí wọ́n ń fa sí ojú iṣan le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun kì í gba ẹnu ọ̀nà ìfun kọjá rárá. Bí ẹ bá ní ibà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fà á, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó so ó kọ́. A kì í fa irin sí ara ẹni tí bakitéríà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè burú tó, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, ní 2009. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ń fi bakitéríà tó ń fa àrùn plague ṣiṣẹ́ nínú láàbù. Irú èyí tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ni, kò lè fa irin mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì yẹ kó lè pa ènìyàn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó pa á. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó rí i pé ó ní haemochromatosis, àìsàn àbímọ́ tó ń jẹ́ kí irin kún ara jù. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 2011, wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí irin tó pọ̀ jù yẹn ti fún kòkòrò náà ní ohun tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára náà wọ ibí yìí. Àwọn lymphocyte kan náà tó ń pín ni abẹ́rẹ́ gbára lé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọmọ ọwọ́ ní Kenya, tí wọ́n gbé jáde ní 2020, fi hàn pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kéré nítorí irin lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe èròjà tó ń pa kòkòrò tó. Èyí kì í ṣe ìdí láti sún abẹ́rẹ́ síwájú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbà á lọ́jọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì bí ojú ọmọ bá funfun.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, kí ẹ sì mọ ìgbà tí ẹ máa dúró

Ẹ padà lọ ṣe hemoglobin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bó bá ti fi g/dL 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sókè, irin ń wọlé. Bí kò bá gbéra, ẹ má fi hóró kún hóró. Ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ ọjọ́ sí jáde, kí ẹ ka iye ọjọ́ tí ẹ lò ó ní tòótọ́. Ìwé yẹn sábà máa ń dá ẹjọ́ náà kí dókítà tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá lò ó pé, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin, torí ó ń jò, tàbí sí ìkẹta, torí àká ṣì wà ní títì.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni pé ara á yá wọn, hemoglobin á pé, wọ́n á sì jáwọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ pupa ló máa ń kọ́kọ́ gba irin, àká ló ń gbẹ̀yìn. Ẹ máa bá a lọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí hemoglobin bá ti pé, kí ẹ wá tún ferritin àti CRP ṣe pọ̀. Bí àká bá ti kún, ẹ dúró. Ara kò ní ọ̀nà tó ń gbà da irin àlékún nù, nítorí náà irin kì í ṣe ohun tí a ń lò títí ayé "kí ara ṣáà le".

Kí ẹ tó gbé oògùn yìí wọlé, ẹ wá ibi gíga tó ní kọ́kọ́rọ́ fún un. Àwọ̀ pupa dídán tí wọ́n fi bò ó jọ ti súìtì, ìwọ̀nba hóró díẹ̀ sì lè pa ọmọ kékeré. Ọmọ tó bá gbé e mì lè kọ́kọ́ bì, kí inú rẹ̀ sì máa ṣu, lẹ́yìn náà kó dà bíi pé ara rẹ̀ ti yá fún wákàtí díẹ̀, kó tó wá dákú. Ẹ má dúró de ìyẹn. Ẹ gbé ọmọ náà àti páálí oògùn lọ sílé ìwòsàn ní wéréwéré, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ jọ pé ó le.